Àṣìṣe Inú Rẹ̀, Tèmi Ni

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà náà kí n tó gbà pé ohun tí mo rò pé ó sọ ló sọ lóòótọ́. N kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kejì ilé-ìwé girama ni mo ti dúró, nítorí náà, bí lẹ́tà bá ti ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lórí, n kì í yára bínú sí i; mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá èmi ni kò yé. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè ka orí itan, mo sì wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà. Láti ìpàtẹ ọdún yìí lọ, ẹnikẹ́ni nínú Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Ọwọ́ tó bá fi ẹ̀rọ oníná gé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti pa ẹ̀rọ náà tì, tàbí kí ó yọ̀ǹda tábìlì rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀" ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ẹ̀rọ gé páálí nínú ẹgbẹ́ wa. Èmi ni. Ẹni tó sì fọwọ́ sí lẹ́tà náà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alága, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí a jọ mu ọmú kan náà.

Káàdì ìkíni ni mo ń ṣe: ti ọjọ́ ìbí, ti ìgbéyàwó, ti ìbánikẹ́dùn, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti ń ṣe é. Tábìlì kan wà lábẹ́ fèrèsé. Pádì tàdáwà mẹ́rìndínlógún wà nínú agolo bisikíìtì. Òǹtẹ̀ tò sórí pẹpẹ láti ilẹ̀kùn dé igun ògiri. Mo kà wọ́n kí n tó kọ èyí, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá lé nígba. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lára rọ́bà. Òdì-òdì ni èèyàn ń gbẹ́ òǹtẹ̀ kí ó tó lè jáde bó ṣe yẹ lórí páálí, iṣẹ́ náà sì bá ẹni tó ń bẹ̀rù àṣìṣe mu, nítorí kò sí ohun tó lè gbẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ rò lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ọdún mọ́kànlá, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe káàdì. Ẹ̀gbọ́n mi á gé, èmi á tẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó mọ sísọ́ọ̀sì lò bíi tirẹ̀. Ó lè gé etí ewé lára páálí débi pé wàá fẹ́ fi ọwọ́ lé kòkòrò tó jẹ ẹ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe alága, iṣẹ́ ẹgbẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú láti máa dá gé páálí, ṣùgbọ́n oríkèé àtàǹpàkò mi ọ̀tún kọ̀. Dókítà dárúkọ ohun tó ń ṣe é. N kò rántí orúkọ náà, n kò sì ní pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá di sísọ́ọ̀sì mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìka náà á máa gbọ̀n bí ewé. Ìgbà yẹn ni mo ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà kò ju páálí bàtà méjì tí a tò pọ̀ lọ. Èèyàn á ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, á lẹ páálí mọ́ ẹní rọ́bà kan tí ojú rẹ̀ ń lẹ̀, á ti ẹní náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, abẹ kan tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó á sì máa rìn lórí páálí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà ni èèyàn gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún: èyí, gé e já, èyí, tẹ̀ ẹ́ lásán, kí páálí lè ká níbẹ̀. Ohun tí o kò bá sọ fún un, kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ìlò rẹ̀ jẹ́ ojú ewé méjìdínlọ́gọ́fà. Ojú ewé kan ni mo ń kà lóòjọ́, oṣù mẹ́rin ó dín díẹ̀ ni mo sì fi kà á tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá sílé. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, ó ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo orogún.

"Ṣé o ti rí lẹ́tà?"

"Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́. Òǹtẹ̀ tí mo gbẹ́ fún ẹgbẹ́ ló wà lórí ẹ̀. Ó jáde dáadáa."

"Má bá mi ṣàwàdà. Fọwọ́ sí i, kó parí. Gbé nǹkan yìí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ìpàtẹ á fi kọjá. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé o máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta bóyá o tì í! Ìwọ lo fẹ́ bá ẹgbẹ́ fa wàhálà?"

"Mi ò fa wàhálà. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí òfin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Iná ló ń yí kẹ̀kẹ́ tí Ìyá Amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò. Aránṣọ wa ńkọ́? Ìgbà wo ló fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì kẹ́yìn? Ṣé iná tiwọn ló mọ́, tèmi ló dọ̀tí?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ẹ ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orí mi kì í tètè gbà á."

Ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó sì yára fà á padà.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gé páálí fún ẹ," ó wí. "Nǹkan yìí ò tíì pé ọdún méjì."

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tó ń dùn ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí àánú fọwọ́ sí irọ́.

"Màá gbé e wá sí ìpàdé ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi. Kí gbogbo yín wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá ṣòfin yín."

"O máa dójú ti ara ẹ ni."

"Ó ṣeé ṣe," mo wí. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe lóòótọ́.

Aago mọ́kànlá ni ìpàdé. Aago méjìlá ni wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn èrò ìpàtẹ. Wọ́n ti to tábìlì yí gbọ̀ngàn ká, ilẹ̀ ṣì tutù níbi tí wọ́n ti nù ún. Tábìlì mi wà níbi fèrèsé kejì lọ́wọ́ òsì, níbi tó ti wà fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwa méjìlá la wá. Mo gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì, mo fi wáyà rẹ̀ sí ojú iná, wọ́n sì pagbo yí mi ká.

"Ṣé èyí náà rèé?" Ìyá Amọ̀kòkò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ẹ̀rọ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn! Mo ti rò pé ó máa ga tó mi."

"Ẹ má fojú di í o, mà," Aránṣọ dáhùn. "Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Bàbá kan wà láàárín wa tó ń di ìwé, tí a ń pè ní Bàbá Gọ́ọ̀mù nítorí gọ́ọ̀mù kì í tán lára ìka rẹ̀. Òun ló ní, "Ẹ jẹ́ ọmọ náà ráyè mí."

Káàdì kan ni mo fẹ́ gé: ewé kan níwájú rẹ̀, ojú ìká tí páálí á ti ṣẹ́ po láàárín. Mo wo ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí kọ̀ǹpútà. Mo wo abẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìka wọn bí páálí ṣe nípọn tó. Mo tẹ bọ́tìnnì, abẹ sì ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, ó ń dún kẹrẹ-kẹrẹ bí eku nínú àjà. Nígbà tó dákẹ́, mo fa ẹní náà jáde, mo ṣí káàdì kúrò lára rẹ̀.

Ìdajì bá mi dìde. Ìdajì kejì dúró lórí ẹní.

Ohun gbogbo ni mo wò lẹ́ẹ̀mẹta àfi ojú ìká. N kò pàṣẹ fún un pé kí ó tẹ̀ ẹ́ lásán. Ó ti gé e já láti òkè délẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ!" Aránṣọ pàtẹ́wọ́. "Káàdì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ti fi bí ìbejì!"

Ẹ̀rín bú. Kódà Bàbá Gọ́ọ̀mù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ẹ," ó wí jẹ́jẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ìwé tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí àti bíírò sí iwájú mi.

Mo rántí ọjọ́ kan ní kíláàsì tí mo dáhùn ìbéèrè lódì, tí tíṣà ní kí n dúró lórí àga títí aago fi lù. Láti ọjọ́ náà, n kì í la ẹnu tí kò bá dá mi lójú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di ìdajì káàdì náà mú níbẹ̀, mo rí i pé ohun kan dá mi lójú.

"Ta ló ṣe àṣìṣe yìí?" mo béèrè.

"Ẹ̀rọ ẹ ni," Aránṣọ dáhùn. "Àbí èmi ni?"

"Rárá o." Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. "Ẹ wo ìlà yìí. Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo gbàgbé láti sọ fún un pé kó má gé e. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Tèmi ni àṣìṣe náà, ẹ̀rọ ò ní ìpín nínú ẹ̀. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́ nígbà tó bàjẹ́, èmi náà ni mo ṣe é nígbà tó bá dára. Ẹ ò lè fún mi ní ọ̀kan kẹ́ ẹ gba èkejì lọ́wọ́ mi."

Aránṣọ wo wáyà maṣíìnì tirẹ̀ tó ká sẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì fi bàtà tì í wọlé díẹ̀.

Akọ̀wé wúkọ́. "Èyí tó já ṣáà já ni."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, sà."

Mo to ìdajì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, inú wọn sókè. Mo mú òǹtẹ̀ ewé, mo fi tẹ tàdáwà àwọ̀ ewé, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ìdajì ewé lè wà lójú kọ̀ọ̀kan. Bàbá Gọ́ọ̀mù yá mi ní abẹ́rẹ́ ìdìwé rẹ̀ àti òwú. Mo lu ihò mẹ́ta, mo rán wọn pọ̀ lẹ́yìn. Àtàǹpàkò mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí kókó tó dì. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà mí lójú aago ògiri, kò sì sẹ́ni tó kúrò nídìí mi.

Ìyá Amọ̀kòkò gbà á. Ó pa á dé, ewé pín sí méjì. Ó ṣí i, ewé pé. "Háà," ó wí. "Èyí dára ju èyí tí ò já lọ."

"Mi ò mọ̀ bóyá ó dára jù, mà. Mo mọ̀ pé kò bàjẹ́ mọ́."

"Òfin ṣì ni òfin," ẹ̀gbọ́n mi wí. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ẹni tí ò bá fọwọ́ sí i ò ní tábìlì."

Mo mú ìwé náà. Mo yí i padà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò ti sí ohunkóhun, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ̀rọ ló bá mi gé e. Àṣìṣe inú rẹ̀, tèmi ni. Mo fi han Bàbá Gọ́ọ̀mù bóyá mo ṣì í kọ níbì kan. Ó kà á, ó ní kò sí àṣìṣe. Níbi tó yẹ kí n fọwọ́ sí, mo tẹ òǹtẹ̀ ewé mi. Mo wá gbé ìwé náà ti agolo bisikíìtì níwájú tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to káàdì mi.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo ń pàtẹ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní o ò ní tábìlì."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò, kó wá gbé e. Ó wúwo díẹ̀ o. Kó mú ẹnì kejì dání."

Ẹnikẹ́ni kò wá. Akọ̀wé wo alága, alága wo ilẹ̀. Bàbá Gọ́ọ̀mù fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ojú òun ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Mo lẹ páálí tuntun mọ́ ẹní. Mo wo ojú ìká lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Láti inú àpótí mi, mo mú sísọ́ọ̀sì kan jáde, mo gbé e sí òdìkejì tábìlì.

"Tiyín nìyẹn," mo wí. "Mi ò tà á, mi ò fi yá ẹnikẹ́ni. Mo máa ń pọ́n ọn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo sísọ́ọ̀sì náà pẹ́. Kò mú un. Ó dúró láàárín èmi àti fèrèsé, òjìji rẹ̀ sì bo gbogbo ẹní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń ṣíji bo iṣẹ́ mi."

Wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó sún. Ìṣísẹ̀ kan péré ni, n kò ní pè é ní méjì. Oòrùn bọ́ sórí páálí, mo sì tẹ bọ́tìnnì.