Èékánná Tí Mo Gé ní Jímọ̀

Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Oorun ọ̀sán àná ló gbé mi lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì lá àlá.

Mo rí kírankì, irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì tí Ìyá Wúrà fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Opó ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ni Ìyá Wúrà. Kírankì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún ọ́ìlì. Mo kí i. Ó ní ká lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì náà léfòó lórí odò ọ́ìlì dúdú. Kò yà mí lẹ́nu. Akọ̀wé kan mú irin ìwọ̀n, ó fi wọn ọrùn mi, ó mi orí. Bẹ́ríìnì tuntun tí mo rà, irin pẹlẹbẹ tó ń gbá kírankì mọ́ra, bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó tuntun ni mí. Wọ́n ní ara ọkọ mi ń dán. Ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ ìlà ti jẹ ẹ́ lára!"

Akọ̀wé kọjú sí mi. "Ṣé o fi èékánná họ ọ́?"

"Mo gé e ní Jímọ̀, sà. Ojú ni mo fi wò ó."

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀." Ó ti di ewúrẹ́. Ó jẹ fáìlì mi tán, ó wá ń fi ìwo kan ilẹ̀kùn: kò, kò, kò.

Ọ̀gá mi wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù wọn. Nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń ní, "Ìlà tó wà lára kírankì, ojú lè fò ó, èékánná kì í fò ó." Wọn ò bínú. Wọn ì bá tilẹ̀ bínú, ì bá sàn fún mi. Wọ́n wo ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ràmónì, kí lo ń sáré lé?"

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, gíríìsì kún ẹnu mi. Ó dùn mí wọra. Ewúrẹ́ kò dẹ́kun: kò, kò, kò.

Mo lajú. Kò sí ewúrẹ́ kankan. Òdìkejì títì ni ìró náà ti ń bọ̀, láti inú ẹ́ńjìnnì tí mo tún ṣe, tí mo sì dè pa fún Ìyá Wúrà ní Sátidé. Mo sáré sọdá.

"Ìyá, ẹ pa á! Ẹ pa á kó tó fọ́!"

Wọ́n pa á. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò tíì lọ kún agbọ̀n mẹ́ta, àwọn oníbàárà sì dúró tì í. Ìyá Wúrà nu ọwọ́ sí ìró wọn.

"Ràmónì," wọ́n rọra pè mí, "ṣé o ò fi èékánná họ ọ́ ni?"

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.