Etí Kejì

"Wọ́n ní ọmọ náà ti kọ ọ́..."

"Ọmọ wo?"

"Fúnmilọ́lá, èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ní ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará ilé Ọlọ́runníyì... háà, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́."

"Pé kí ni?"

"Pé wọn kì í ṣe onílẹ̀. Pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀... Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Ibùdókọ̀ Ore ni Hannah ti gbọ́ ọ, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ Odigbo. Àmúsà, awakọ̀ tó máa ń bá wọn kó kòkó, ló ń sọ ọ́ fún àwọn èrò. Hannah la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni, ó sì tún pa á dé. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Ọ̀rọ̀ a kún inú rẹ̀ bí òjò ṣe ń kún agbada, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta níwájú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a wúwo. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé rí. Ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló fi Bíbélì kọ́ ọ ní ìwé kíkà nínú ilé. Bàbá àgbà, Ọlọ́runníyì, ló fi ẹnu kọ́ ọ ní ìyókù.

Ohun tó bí i nínú ni pé ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Fúnmilọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ń kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn. Nígbà tó dé fún ìsinmi, ó jókòó ti Hannah, ó ní, "Hannah, gbogbo ìwé tí wọ́n ń fún wa kà, òyìnbó ló kọ ọ́. Mo wá Odigbo títí, mi ò rí i. Mo sọ fún olùkọ́ mi pé màá lọ gba tiwa lẹ́nu àgbà." Bàbá àgbà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ ìtàn ilẹ̀ ìdílé fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àìsàn dá Bàbá wó, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn rẹ̀ sì lọ.

Nílé wọn, ìtàn àtijọ́ kì í wọ etí kan ṣoṣo. Bí àgbà bá ń sọ ọ́ fún ẹnì kan, ẹlòmíràn a jókòó tì wọ́n, kò ní sọ nǹkan kan, yóò kàn gbé e sórí bó ṣe jáde lẹ́nu. Etí kejì nìyẹn. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó gba ìtàn kò gbọdọ̀ tọ́ka sí i, kí wọ́n má baà ní àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀. Etí kejì ni yóò dìde fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Hannah dé Odigbo, àwọn ẹbí ti pé sílé Bàbá àgbà nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọlé jẹ́ẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó fa agbọ̀n kókò mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Àmúsà náà wọlé tẹ̀lé e.

"Ya á," Ọlọ́runṣògo wí. Òun ni àkọ́bí Bàbá àgbà, Bàbá sì ni àwọn ọmọ ilé ń pe òun náà. "Ya á níṣojú gbogbo wa."

Fúnmilọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ìwé náà mọ́ àyà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ fi í lé olùkọ́ mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá mú un lọ, mi ò ní gboyè."

"Oyè! A rán ọ lọ sí Ìbàdàn, o ò kọ́ iṣẹ́ dókítà, o ò kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ìtàn lo lọ kọ́! Ìtàn tí à bá sọ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí ààrò!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Bàbá."

"Gẹ̀ẹ́sì lo fi kọ ọ́. Ohun tó bá wù ọ́ lo máa kà. Àmúsà, kí lo gbọ́?"

"Ọjọ́ tí mo wá kó kòkó ni. Bàbá ní, 'Àwa kọ́ la kọ́kọ́ dé ibẹ̀.' Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fa etí mi tu!"

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Fúnmilọ́lá bi í.

"Lẹ́yìn ìyẹn kẹ̀? Èrò ń pariwo, mo lọ wa ọkọ̀ mi."

Bàbá àgbà, tí wọ́n gbé jókòó sórí àga, fi ọ̀pá lu ilẹ̀ gbì, gbì.

"Ẹ rí i," Ọlọ́runṣògo wí. "Inú ń bí Bàbá sí ọmọ yìí."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Hannah. Àìsàn gba ohùn lẹ́nu àgbàlagbà tán, wọ́n tún ń gbẹnu sọ fún ọ̀pá rẹ̀!

"Ta ni etí kejì rẹ?" Ọlọ́runṣògo bèèrè. "Àbí afẹ́fẹ́ ni?"

Fúnmilọ́lá wo ilẹ̀. Kò wo ibi ìdáná rárá. Ọlọ́runṣògo sì na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Èmi ni."

Ohùn náà kéré débi pé wọ́n wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Hannah?" Àmúsà pàtẹ́wọ́. "Hannah tó jẹ́ pé bó bá kí mi, màá rò pé ẹ̀fọn ló kọjá!"

"Lọ bẹ kókò rẹ," Ọlọ́runṣògo wí. "Ìwọ tí o ò ka ìwé kankan."

"Mi ò ka ìwé, Bàbá. Mo gbọ́ ni." Ó ti bọ́ sí àárín ilé. "Ibi tí mo wà lónìí yìí ni mo wà lọ́jọ́ náà, ẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹnikẹ́ni ò kà mí sí èèyàn. Ẹ gba ìdajì gbólóhùn lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ fẹ́ fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ tán."

Ọ̀pá Bàbá àgbà lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Hannah di ojú, ó wúkọ́ bí Bàbá ṣe wúkọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ọ́ bó ṣe jáde:

"'Hannah, fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kí o gbọ́. Fúnmi, kọ ọ́. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Opó kan ni baba mi bá lójú ọ̀nà Omifunfun, Fẹ̀yíjìmí lorúkọ rẹ̀. Ibà ń ṣe baba mi. Obìnrin náà fún un lómi, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ọ títí ara rẹ̀ fi yá. Ó pín oko rẹ̀ sí méjì níṣojú àwọn ará oko, ó ní, ìdajì yìí, tìrẹ ni, tọmọtọmọ. Bí ilẹ̀ ṣe di tiwa nìyẹn. A ò jagun gbà á, a ò jí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́runṣògo. Ó ní kí n yọ obìnrin náà kúrò, pé ìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kò níyì. Mo ní kò burú. Bó bá ti yọ obìnrin náà kúrò nínú ìtàn, kó yọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kúrò lórí ilẹ̀ obìnrin náà.'"