Lẹ́tà Ara Ògiri ní Ṣógúnlé

Ọdún mọ́kànlá ni Àjíbíkẹ́ fi ṣèwádìí lórí lẹ́tà tí àwọn obìnrin tó wá ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì láyé àtijọ́ ń kọ sílé. Inú àpótí akọ̀wé kan tó máa ń bá wọn kọ lẹ́tà, tó ti kú, ló ti rí ẹ̀dà wọn. Ó kọ ọ́ di ìwé ńlá, yunifásítì fi fún un ní oyè dókítà, ìwé wọ ilé ìkàwé, eruku bò ó.

Tómilọ́lá, ayàwòrán tó ń kọ síáìnbọ́ọ̀dù ní Ṣógúnlé, ló ní kí wọ́n gbé e wá sójú táyé. Wọ́n tọrọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ogún lẹ́tà, wọ́n yọ orúkọ kúrò, Tómilọ́lá sì kọ wọ́n gàdàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú oòrùn. Ẹ̀yìn ń ro Àjíbíkẹ́. Àwọn tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Bọ́ládé ń béèrè bóyá ìpolongo ìbò ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá kan dúró síwájú ìlà kẹsàn-án: "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí iná jó lápá mọ̀ pé èmi ni mo bí i." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá iná dé ìgúnpá. Ó ní Fákúnlé lorúkọ òun, àti pé ẹ̀gbọ́n lòun ń pe obìnrin tó kọ lẹ́tà náà títí ó fi kú.

Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni bàbá náà wí. "Àwọn ọmọ mi ni kò mọ̀. Nínú ìwé yín, ta ni ì bá kà á? Ara ògiri yìí, gbogbo ayé ló ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́."

Tómilọ́lá ní ìlà yẹn gan-an ló dára jù. Láti ọdún mọ́kànlá yìí wá, ẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ Àjíbíkẹ́ wọ̀ lọ́kàn nìyí, kí wọ́n pa á rẹ́ ló sì ń tọrọ. Àjíbíkẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, ó rì í bọ inú ọ̀dà funfun. Kíkùn àkọ́kọ́ kò bo ọ̀rọ̀ náà. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Fákúnlé ló bá a di agolo ọ̀dà mú.

Nígbà tí wọ́n parí, bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá obìnrin náà tún kọ òmíràn.

"Mẹ́rin ló kù, sà."

"Ṣé ẹ lè kà wọ́n fún mi? Èmi nìkan."

Wọ́n fi í sí ọjọ́ Ajé, nílé bàbá náà ní Òkè-Àfà. Nígbà tí bàbá náà lọ, Àjíbíkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri, kò tilẹ̀ nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀.