Kílò Kan Àbọ̀

Ọ̀rọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí ni kó máa sọ ọ́. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí á ní, ṣebí gbogbo bàálù ló ń fò? Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló ń fò. Ohun tí ojú èèyàn ń rí kó tó fò ni Ìyá Òṣùwọ̀n kò mọ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, tó dúpẹ́ títí tí àbúrò fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó o."

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún òṣùwọ̀n ṣe: ti alápatà, ti oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ìkókó nílé ìwòsàn, títí kan èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn lé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ará àdúgbò jà, àmọ́ tí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n purọ́ níwájú rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bú bàbá rẹ̀ ni.

Ìyá wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ní ìlú tí àbúrò ń gbé. Dókítà ní iṣẹ́ náà kò le, kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba arúgbó náà dé egungun. Ó ti pe àkọ́bí rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ lo máa di ọwọ́ mi mú dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Àbúrò rẹ ń gbọ̀n jù mí lọ." Ìyá Òṣùwọ̀n ṣèlérí. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa gbé màmá wọlé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni bàálù máa gbéra, wákàtí kan péré ló sì máa lò lókè. Ta ló máa sọ pé àkókò yẹn kò tó?

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì. Pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n fi orúkọ ìlú pè kò sí nínú ìlú. Wọ́n rìn títí, ilé tán, wọ́n kọjá oko, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ìgbẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n bi awakọ̀ léèrè bóyá wọ́n ti kọjá ibẹ̀.

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ ló ń sá fún èèyàn."

Nígbà tí wọ́n dé, ilé náà rí bí ilé ìkẹ́rùsí: páànù lókè, sìmẹ́ǹtì lásán nílẹ̀, ariwo báàgì onítáyà tí wọ́n ń fà lọ́tùn-ún lósì. Àga méjìlá ló kà, èèyàn sì ti wà lórí gbogbo wọn. Ẹ̀rọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tẹ ìwé ìwọkọ̀. Ó na fóònù sí i, ẹ̀rọ ní kó lọ bá òṣìṣẹ́. Ó lọ bá òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ní kó lọ bá ẹ̀rọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń gbá a lọ gbá a bọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Obìnrin agbálẹ̀ kan tó ti ń wò ó láti ọ̀kánkán ló wá gbà á sílẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ kí iná ojú fóònù yín mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ yẹn kì í ríran dáadáa."

Bí ìwé ṣe jáde nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó tò sórí ìlà, ọkàn rẹ̀ sì tún balẹ̀ díẹ̀, torí apá ibi tó kàn yìí, ìyẹn wíwọn ẹrù, òun ló ni ín. Kílò mẹ́wàá ni wọ́n gbà láyè. Ilé lòun ti wọn báàgì òun, kì í ṣe lórí òṣùwọ̀n kan, orí mẹ́ta ni. Kílò mẹ́wàá géérégé.

Ó gbé e lé òṣùwọ̀n wọn. Nọ́ńbà pupa yọ: mọ́kànlá àbọ̀.

"Mọ́mì, ó fi kílò kan àbọ̀ lé," ni ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wí, láìgbójú sókè. Ó dárúkọ owó tí wọ́n máa san. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

"Ọmọ mi, kò lé. Òṣùwọ̀n yìí ló ń ṣàìsàn."

"Mọ́mì, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ? Irọ́ rẹ̀ ni mo ń tún ṣe jẹun láti ọgbọ̀n ọdún!"

Ó sún báàgì sí igun iwájú, lápá òsì. Kílò mẹ́wàá. Ó sún un sí ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Kílò méjìlá ó lé. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Wò ó. Báàgì kan ṣoṣo. Ó wọn mẹ́wàá, ó wọn mọ́kànlá àbọ̀, ó wọn méjìlá. Èwo nínú wọn ni kí n sanwó rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà rò ó díẹ̀. "Èyí tó wà láàárín la máa ń mú, Mọ́mì."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn. Ọkùnrin apárí kan tó tẹ̀ lé e gan-an ló kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn, ó ní, "Òótọ́ ni màmá ń sọ o, èmi náà rí i." Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé kí ẹni tí kò lówó kúrò lọ́nà, ọkùnrin náà pa ẹnu mọ́.

Wọ́n ké sí ọ̀gá. Bàbá kan tó de táì ló jáde, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó dé, Ìyá Òṣùwọ̀n ti kúnlẹ̀, ó ti tẹ orí wo abẹ́ òṣùwọ̀n.

"Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹni tí wọ́n bá rán wá láti olú ilé iṣẹ́ nìkan ló lè fọwọ́ kàn án."

"Ìgbà wo lẹni náà wá gbẹ̀yìn?"

Ọ̀gá wo páànù òkè. "Ó ń bọ̀."

"Mo ní ìgbà wo ló wá?"

"Màmá, ẹ̀rọ yìí ní ìwé ẹ̀rí."

"Ṣé ìwé ẹ̀rí ló ń wọn ẹrù ni?"

Ó wo aago. Aago mẹ́jọ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ó mọ̀ pé tí òun bá dúró jà, òun á borí, bàálù á sì lọ. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn: kí èèyàn mọ òótọ́, kó rí i, kó fọwọ́ tọ́ka sí i, kó tún wá gbé e mì. Ó ṣí báàgì níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ó wọ ẹ̀wù kan lé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wọ kóòtù. Ó wọ ẹ̀wù tuntun tó rà fún ìyá rẹ̀ lé kóòtù lórí, ó ki bàtà kan bọ àpò ọ̀tún, ó ki ìkejì bọ tòsì. Nígbà tó tún gbé báàgì sórí òṣùwọ̀n, ó wọn mẹ́sàn-án ó lé.

"Ó ti dáa báyìí, Mọ́mì," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Kí ló dáa níbẹ̀? Ṣé mi ò ní kó gbogbo rẹ̀ wọ bàálù kan náà ni?"

Ọmọbìnrin náà ti ń ké sí ẹni tó kàn.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ìwọkọ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ń ti inú odò bọ̀. Kò sí bàálù. Pátákó oníná kọ aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó ṣe, ó kọ aago mẹ́wàá àbọ̀. Nígbà tó tún ṣe, ó kọ pé kí wọ́n máa retí. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá ṣèèṣì dìde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn á sáré tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, kó tó wá hàn pé ńṣe lẹni náà kàn ń na ẹsẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n bọ́ àwọn aṣọ náà, ó kó wọn padà sínú báàgì, ó wá rí ihò iná kan lára ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ki ṣájà fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó ti ń lọ sí aago méjìlá nígbà tí ọ̀gá onítáì wá a débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń lọ ní ọ̀sán ò gbà mọ́. Gbogbo wọn ló ń ti ẹrù wọn síwá sẹ́yìn lórí òṣùwọ̀n. Ẹ bá mi dé ibẹ̀."

"Mi ò lọ. Tí mo bá kúrò níbí, ẹlòmíì á gba ihò iná mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló gun wáyà. Ẹ yọ wáyà yẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó dọ́gba. Kò gba ìṣẹ́jú kan."

"Wáyà lásán?"

"Wáyà lásán."

Ọkùnrin apárí, tó ti sanwó ẹrù tó lé láàárọ̀, gbọ́ wọn. Ó dìde fùú. "Owó tèmi ńkọ́?"

"Ẹ kọ̀wé sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́ rárá.

Ìyá Òṣùwọ̀n di etí aṣọ ọ̀gá mú. "Bàálù wa ńkọ́? Wọ́n máa gbé ìyá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago méjì."

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Orí fóònù mi lèmi náà ti ń wò ó bíi tiyín. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa." Ó dúró díẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, kó tó lọ.

Aago kan ti kọjá dáadáa kí bàálù tó dé. Wọ́n kó wọn jáde síta, wọ́n ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn okùn kan lórí ọ̀dà títì, oòrùn ń jó wọn lórí, bàálù wà lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń wò ó, àwọn tó bá a dé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni fóònù ti dún. Àbúrò ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì dé. Màámi ní àwọn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn ìyá wọlé, ó kéré bí ohùn ọmọdé. "Ṣé o ti dé?"

Ó wo okùn. Ó wo bàálù. "Mi ò tíì kúrò, Màámi."

Ìyá wá ní, "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

"Màámi, ẹ má bínú. Mo ti..."

"Wọ́n ń pè mí." Fóònù já.

Ó sunkún. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ọkùnrin apárí rí i, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a gbé e dé orí àtẹ̀gùn bàálù.

Pápákọ̀ ìlú kejì náà jìnnà sí ìlú. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ nígbà tó dé ilé ìwòsàn. Àbúrò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Ìyá wọn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú kan, ó ń fi ojú kejì wá ẹni tó wọlé.

"O dé," ni màmá wí.

Ìyá Òṣùwọ̀n ti to gbogbo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú bọ́ọ̀sì: ẹ̀rọ, wáyà, ọ̀gá, okùn. Ó pa gbogbo wọn tì. Ó jókòó, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì kan ló di ọwọ́ mi mú wọlé," ni màmá wí. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù." Ó tún ní, "Mo bínú sí ẹ díẹ̀."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Díẹ̀ ni o."

Àbúrò wúkọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ní ti tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ tí mo ti rà..."

"Má tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí. Kò yíjú padà, kò sì fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.