Ẹni tí Kò Búra

Elijah ti búra tán. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí Bíbélì, ó nù ún sára ṣòkòtò, ó sì jókòó. Bàbá Jeremiah, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, yí Bíbélì náà sọ́dọ̀ Fọlákẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Elijah.

"Ó kàn ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní búra."

Ní ìjẹta ni Ezekiel, bàbá wọn, lọ ṣí òkìtì kòkó tútù tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò sóko fún ọjọ́ mẹ́fà, kó lè kó o lọ sá. Ìdajì rẹ̀ ti di èèpo. Ẹnì kan ti kó kòkó lọ, ó fi èèpo dí àyè rẹ̀ kí òkìtì má baà rẹlẹ̀, ó sì bò ó padà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi jókòó ní pálọ̀ wọn nílùú Ìṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé.

"Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí lò ń bẹ̀rù?" Bàbá Jeremiah bi í.

"Mi ò bẹ̀rù, sà. Ẹni tó lè jí kòkó lè búra èké. Olè á búra, ẹni tí kò jalè náà á búra. Kí ni ìbúra wá sọ fún wa?"

"Fìlọ́sọ́fì rèé o!" Bàbá Jeremiah pàtẹ́wọ́. "Ọdún mẹ́rin gbáko ní yunifásítì! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ìwọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn."

Ó dun Fọlákẹ́mi wọra. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tó padà wálé, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í fi ohun tó kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kó dákẹ́, torí Bàbá Jeremiah yìí kan náà ló fẹ́ mú orúkọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé ìjọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n gbà á sí iṣẹ́ tíṣà. Kò dákẹ́.

"Bàbá mi, báwo lẹ ṣe bá ewé náà?"

"Bí mo ṣe bò ó ni mo bá a," Ezekiel dáhùn.

"Ẹ̀yìn ewé lókè, tí ẹ ká ìdí rẹ̀ sábẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sẹ́ni tó ń bò ó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oko tó yí wa ká. Ta lẹ kọ́?"

Ezekiel wo ilẹ̀. Elijah náà ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dá a lóhùn," ni Bàbá Jeremiah wí.

"Àwọn ọmọ mi méjèèjì ni mo kọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ni. Elijah ti búra, ìwọ kọ̀." Bàbá Jeremiah pa Bíbélì dé. "Ṣé o rí i? Èmi náà mọ fìlọ́sọ́fì. Kí o má retí iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn mọ́. A kì í fi ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́ olè."

Ezekiel bá Fọlákẹ́mi lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń sunkún.

"Mo ti mọ̀ láti oko," ó rọra sọ. "Mo mọ ọwọ́ Elijah."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè?"

"Ìwọ ní ùwé, Fọlákẹ́mi. Kò sí ubi tí o kò lè lọ. Elijah ò ní ju oko yìí lọ. Òun la ó jọ wà ní ulé yìí títí n ó fi kú."

Fọlákẹ́mi wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè jò, kò rí. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Elijah ló fi ọ̀kadà gbé e dé gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ gbéra ni Elijah tó sún mọ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, àbí?"

"Ta ló máa gba olè gbọ́?" ni Fọlákẹ́mi wí, ó sì yí gíláàsì sókè.