Ojú Tí Wọ́n Yá Ìyá Mi

Nínú ìdílé wa, kò sí ọmọ tí ìyá mi kò kì. Kì í ṣe oríkì àwọn baba ńlá wa nìkan ló ń wí. Yóò wo ọmọ tuntun títí, yóò rí ohun kan lára rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò kà sí, ohun náà ni yóò sì fi hun ìkíni tí ọmọ náà yóò máa gbọ́ títí ayé rẹ̀. Èmi ni Arẹ́rìn-ín-sùn, nítorí ẹ̀rín tó máa ń bá mi lójú oorun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Adijú-gbọ́rọ̀. Títí di òní, bó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, yóò kọ́kọ́ dijú ná. Ìyàwó rẹ̀ a ní irọ́ ni, oorun ló ń sùn.

Ọmọbìnrin mi nìkan ni kò ní tirẹ̀. Kí n tó bí i ni ojú ìyá mi ti yí padà. Kì í ṣe pé ó fọ́ pátápátá. Dókítà ní àárín rẹ̀ ló kú, etí rẹ̀ ló ṣẹ́kù, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Ó ń rí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ń rí etí aṣọ, ó ń rí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó bá kọjú sí gan-an ni kì í rí. Bó bá gbé ọmọ mi lé itan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wà níbẹ̀, ojú ọmọ á wá dà bí ibi tí èéfín bò.

A sọ ọ́ fún un títí. Ẹ̀gbọ́n mi ní imú bàbá wa ni ọmọ náà gbé wáyé, ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó má di imú yẹn ru ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní òun kì í fi àgbọ́sọ ki èèyàn. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ láti yàrá kejì. Kì í bẹ Ọlọ́run pé kó dá ojú òun padà. Ìwọ̀nba tí òun yóò fi rí ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ló ń tọrọ. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, èmi àti ọmọ sì ń bá a lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A kò mọ ìgbà tí a ó padà.

Ìwé ìwọkọ̀ ìrìnàjò wa ni mo fẹ́ lọ tẹ̀ jáde tí mo fi pọn ọmọ, tí mo sì mú ìyá mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò wọ ibẹ̀ rí. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nílé, lórí tábìlì ìdáná, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, àwọn tó ti kàwé jù ló ni ilé ìkàwé. Ó bi mí bóyá ẹnu ọ̀nà là ń sanwó tàbí inú. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

A wọlé. Bàbá kan ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọ̀dọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ kan ń bá obìnrin kan tún ìwé tó fi ń wáṣẹ́ kọ. Mo fi ìwé tèmi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Lórí ẹní àwọn ọmọdé, bèbí àti nǹkan ìṣeré mìíràn kún inú agbọ̀n, èèyàn sì lè yá wọn lọ sílé bí ìwé. Mo ń sọ ọ́ fún ìyá mi bí a ṣe ń kọjá. Ó ní, "Wọ́n ń yá èèyàn ní bèbí?" ó sì ń yọ́ rìn, bí ẹni tó wọ ilé àdúrà tí kò bá ẹnikẹ́ni tó ń gbowó ní ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọdé ń pe obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún wọn nìyẹn. Ó rí bí ìyá mi ṣe ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wo nǹkan. Kò bi í léèrè ohunkóhun nípa ojú. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀, gíláàsì fífẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n, àti ojú kámẹ́rà kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ láti orí ọrùn tó ṣe é tẹ̀. Àwọn tí lẹ́tà ti kéré jù fún ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣí Bíbélì sábẹ̀ rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì, lẹ́tà kan ṣoṣo sì yọ lójú gíláàsì, ó tóbi bí àwo ìjẹun. Ìyá mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kà á. Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ka "Olúwa" tán.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Ṣùgbọ́n ó rọra ti Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bi Àǹtí Jẹ́jẹ́:

"Ọmọ mi, ṣé ìwé nìkan ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n wò?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní ohunkóhun tí èèyàn bá gbé síbẹ̀ ni. Bàbá kan ti gbé ìka síbẹ̀ rí kí wọ́n lè bá a yọ ẹ̀gún.

"Ó dáa. Arẹ́rìn-ín-sùn, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀."

Ojú tì mí. Mo ní ẹ̀rọ ìjọba ni, ọmọ lè tọ̀ sí i. Ó ní ṣebí nígbà tí èmi ń tọ̀ sára òun, òun ò fẹjọ́ mi sun ìjọba.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ dúró, ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa gílóòbù ara ẹ̀rọ náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà wọ ọmọ lójú, ó ṣí kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, ó sì tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí tábìlì. Mo tẹ́ ọmọ síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ hàn dà bí omi odò tó ń yí. Ọmọ ń ju orí. Àǹtí Jẹ́jẹ́ fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó ní, "Jẹ́jẹ́." Àfi bí ẹni pé ọmọ náà gbọ́, orí rẹ̀ dúró.

Iwájú orí ló yọ, ó fẹ̀ bí pápá, irun kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí rẹ̀. Ìyá mi ń darí: sọ́tùn-ún díẹ̀, dúró níbẹ̀. A dé etí. Lókè etí náà, awọ kékeré kan ṣẹ́ po, bí igun ojú ìwé tí ẹnìkan ká kó má baà sọ ibi tó kà dé nù. Mo ti ń fún ọmọ yìí lọ́mú láti ọjọ́ tí mo ti bí i. N kò rí i rí.

Lẹ́yìn náà ni ojú. Ẹyinjú kan ṣoṣo kún gbogbo gíláàsì, ó dúdú, ó jinlẹ̀, ó ń dán. Fèrèsé ilé ìkàwé wà nínú rẹ̀ lódindi. Lábẹ́ fèrèsé náà, orí kan wà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, ó sì fi ẹsẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe kó tó kúnlẹ̀ àdúrà. Ó wá gbé ohùn sókè:

"Afẹyinjú-gbàlejò,
ọmọ tó ká etí bí ẹni ká ìwé,
kó má baà gbàgbé ibi tí ìyá rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ dé.
Mo wá ojú rẹ títí, n kò rí i;
ìwọ ti rí mi tipẹ́, o fi mí pamọ́ sí àárín ojú.
Bí o bá dé ibi tó jìnnà tí o dijú,
ilẹ̀kùn yàrá mi lo tì yẹn.
Bí o bá lajú, o ṣí i fún mi.
Afẹyinjú-gbàlejò, máa wò,
ojú rẹ kò ní ṣú."

Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ti dìde dúró. Àwọn ọmọdé kúrò lórí ẹní, wọ́n ń wo Àǹtí wọn, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sọ ọ́. Ọmọ mi nìkan ló ń yí orí kiri lórí ìborùn, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti wá.

Ilé la dé kí n tó rántí pé ìwé ìrìnàjò tí mo tìtorí rẹ̀ jáde ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìyá mi ní kò burú, a ó jọ padà lọ lọ́la. Ó ní òun náà ní ibi tí òun kà dé níbẹ̀.