Ariwo Tó Ń Kírun

Ojú wọn pàdé ní Láfẹ́nwá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti dá tọmọdé tàgbà dúró. Olúbọ̀dé ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú páálí kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ abíyá. Ọmọbìnrin kan wà ní òdìkejì, ó ru ẹrù wúwo kan tí ó fi àdìrẹ wé. Láàárín wáágùn kan sí èkejì, Olúbọ̀dé á rí i, kò tún ní rí i mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá rí i, òun náà ni ọmọbìnrin náà ń wò. Nígbà tí ìrù ọkọ̀ kọjá, èrò ya lu ara wọn, ó sì wá a tì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ká a sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ni ariwo wọ ṣọ́ọ̀bù Ògá Herbert. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tó wà lókè òkun, Olúbọ̀dé ló sì ń dárí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́rú, Alhaji Sàlàhúdíìnì, oníṣòwò àdìrẹ ní Kemta, wọlé, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé tábìlì.

"Herbert, ṣé òjò ló ń rọ̀ sórí ohùn mi ni? Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á rò pé orí páànù ni bàbá òun ń gbé."

"Ẹ má bínú, Alhaji."

"N ò bínú. Ẹni tó máa mú un dání ń wọ bàálù lọ́jọ́ Àìkú. Màá padà wá ní Sátidé wá tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Bí òjò yẹn bá tún ń rọ̀, ẹ ò ní rí mi níbí mọ́."

Nígbà tó lọ tán, Ògá kọjú sí Olúbọ̀dé. "Oníbàárà kẹrin nìyẹn. Bí ariwo yìí ò bá lọ kó tó di Sátidé, ìwọ ni wàá lọ."

Ọdún mẹ́rin ni Olúbọ̀dé fi kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, Adigbe ló kù, níbi tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀ láti wá máa gún búlọ́ọ̀kù.

Ó fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ tí téèpù ń gbà kọjá. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ gbohùngbohùn, ó pa fáànù. Ariwo ò yí padà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, òun á kàn jókòó, òun á máa gbọ́.

Ṣàààà. Á dákẹ́. Ṣàà. Á tún dákẹ́. Ó yà á lẹ́nu. Ariwo inú ẹ̀rọ kì í sinmi. Èyí ń sinmi bí ẹni tó ń dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ariwo náà dákẹ́ pátápátá. Wọ́n kírun tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà Aláásárì.

"Ògá, ariwo yìí ń kírun."

"Ebi ló ń pa ọ́."

"Ẹ̀rọ kì í kírun, sà. Èèyàn ni."

Ó mú rédíò kékeré Ògá, ó yí i síbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó gbé e mọ́ etí. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ibi tí ariwo ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni igbe inú rédíò á máa le sí i. Ó tẹ̀ lé ògiri ilé náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè wò ó dáadáa.

"Bọ̀dé, ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹni tí mò ń wá ni, Mà."

"Bí o bá rí i, bá wa kí i."

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé náà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Èrò ṣọ́ọ̀bù kì í gba ibẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, rédíò ń ta bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. Máṣíìnì ìránṣọ oníná wà lórí tábìlì, àdìrẹ tó wé ẹrù lọ́jọ́ ọkọ̀ ojú irin wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń rán aṣọ gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ta lẹ̀ ń wá?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà nínú lẹ́tà fò lọ lórí Olúbọ̀dé. "Ariwo ni mò ń wá."

"Ariwo kẹ̀? Èmi nìkan ló wà níbí."

"Ìwọ náà ni."

Orúkọ rẹ̀ ni Àsíátù. Ogójì aṣọ ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ rán tán kó tó di ọjọ́ Ajé, iná kan náà ló sì ń bọ́ yàrá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ògá gbọ́, ó dìde. "Onílé á bá mi lé e lónìí yìí."

"Ẹ jẹ́ kó di Sátidé, sà. Èmi lẹ dá ọjọ́ fún. Ẹ má gbé ọjọ́ mi fún ẹlòmíì."

Ògá wò ó títí, ó sì tún jókòó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Olúbọ̀dé tú ìdí máṣíìnì náà. Èédú kékeré méjì tó ń fara kan ibi tó ń yí ti gbó tán, iná sì ń ṣẹ́ pàrà níbẹ̀. Ó pààrọ̀ wọn. Ó wá yọ nǹkan róbótó kan jáde nínú àpò.

"Kí nìyẹn?" Àsíátù bi í.

"Kàpásítọ̀. Á máa gbé ariwo mì kó tó wọnú wáyà."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Inú rédíò mi."

"Kí ni rédíò yín á wá máa sọ?"

"Á dákẹ́. Ó ti sọ̀rọ̀ tó."

Ó jó o mọ́ wáyà, ó sáré lọ gbọ́ ọ. Ariwo náà dínkù, àmọ́ kò lọ. Ó padà, ó tú u, ó gé wáyà rẹ̀ kúrú, ó gbé e sún mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Ó tún sáré lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀. Nígbà kẹrin, ó jókòó síwájú dẹ́ẹ̀kì, kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé Àsíátù ti lọ kírun. Ó fi etí lé ògiri. Máṣíìnì ń rán lọ ràì.

Alhaji dé lọ́jọ́ Sátidé. Olúbọ̀dé ti sọ fún Àsíátù pé kó má dá aṣọ rírán dúró rárá. Alhaji wúkọ́, ó sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Mọ́ṣúdù, èmi bàbá ẹ ni. Ìyá ẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun."

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un láti gbọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló jáde, àti mímí rẹ̀. Alhaji mi orí.

"Òjò ti dá," ó ní.

Ògá Herbert bá a di kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ìwé. Kò wo ojú Olúbọ̀dé. "Tètè dé lọ́jọ́ Ajé," ó sọ fún un. "Èrò á pọ̀."

Olúbọ̀dé gba ẹ̀yìn ilé lọ. Àsíátù ń rán apá aṣọ. Lẹ́tà náà ti rún nínú àpò rẹ̀, etí rẹ̀ ti ń já. Ó nà án sí i.

"Ṣé lẹ́tà onílé ni?"

"Rárá. Láti ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin ni."

Àsíátù wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ìwọ tí ò ń gba ohùn gbogbo ìlú sílẹ̀, lẹ́tà lo kọ?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ariwo á dé."

Àsíátù gbọn fọ́nrán òwú kúrò ní ọwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, máṣíìnì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tó àkókò ìrun.